Òṣìṣẹ́ Tí A Kò Fojú Rí: Olú, Èèpo Ẹ̀gẹ́ àti Àgbá Ọ̀sìn

Ẹni tó bá gba Oko-Akarè kọjá ní àkókò tí wọ́n ń wa ẹ̀gẹ́, kí ojú rẹ̀ tó rí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí ni imú rẹ̀ yóò ti sọ fún un. Òórùn kíkan ni: òórùn omi tó ń ro láti inú àpò tí wọ́n fi òkúta tẹ̀, àti òórùn èèpo tí wọ́n kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Àwọn ìyá wa a yan gàrí, wọ́n a rọ ọ́ sínú àpò, ó di Ikpinlè, ó di Pobè, ó tún di òdì kejì ààlà. Èèpo a kù síbẹ̀. Ewúrẹ́ a jẹ díẹ̀, òjò a rọ̀ lé ìyókù, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nǹkan funfun bí òwú yóò bò ó. Àwọn ènìyàn a ní ó ti bu, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

A fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, tún òkìtì èèpo yẹn wò. Iṣẹ́ ni ohun funfun náà ń ṣe níbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní àgbáyé ń sin irú rẹ̀ nínú àgbá irin tí òmíràn nínú wọn ga tó ilé alájà mẹ́wàá, wọ́n sì ń gba oúnjẹ, oògùn àti èròjà ọṣẹ ìfọṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó tó ń wọlé fún wọn níbẹ̀ kò kéré. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a ń fi ẹsẹ̀ tì í sínú kòtò.

Àwọn baba wa mọ olú. Wọ́n mọ èyí tí í hù lẹ́bàá ọ̀gán lẹ́yìn òjò, tí àwọn ọmọdé í sáré lọ ká kí ẹlòmíràn tó dé ibẹ̀. Wọ́n mọ ẹsẹ̀ adìẹ tí í hù lára òkú igi. Wọ́n sì mọ èyí tí a kì í fọwọ́ kàn. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ fi kún ìmọ̀ yẹn ni pé èébu, ìyẹn òwú funfun tàbí aláwọ̀ ewé tí ń hù sára oúnjẹ tó ti bu, jẹ́ ọmọ ìyá olú, àti pé ìwúkàrà tí ń mú búrẹ́dì wú, tí ń mú ẹmu hó, wà nínú ìdílé kan náà. Ìdílé yìí kì í ṣe ti ewéko, nítorí kò lè fi ìtànṣán oòrùn ṣe oúnjẹ. Kì í sì í ṣe ti ẹranko, nítorí kò ní ẹnu, kò ní ikùn.

Báwo wá ni ohun tí kò ní ẹnu ṣe ń jẹun? Àwa ènìyàn a máa gbé oúnjẹ mì kí ó tó dà. Ti olú yàtọ̀: níta ni oúnjẹ tirẹ̀ ti ń dà, lẹ́yìn náà ni yóò mu ún bí omi. Okùn tín-ín-tín tó jẹ́ ara rẹ̀ a máa tu ohun kan sára igi, sára èso, sára awọ, ohun náà a sì gé wọn sí wẹ́wẹ́. Enzyme ni àwọn onímọ̀ ń pe ohun tí ń géni bí ọ̀bẹ yìí, ní èdè Faransé àti ní Gẹ̀ẹ́sì bákan náà. Purotéènì ni enzyme fúnra rẹ̀, èyí ni pé láti inú irú èròjà tó wà nínú ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà ni a ti mọ ọ́n. Ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tó ń gé sítáàṣì kì í gé ọ̀rá, èyí tó ń gé ọ̀rá kì í gé igi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àjèjì ni. Ẹ fi ẹ̀kọ sẹ́nu, ẹ má tètè gbé e mì, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ jẹ́jẹ́. Láìpẹ́ adùn díẹ̀ yóò jáde. Enzyme inú itọ́ ló gé sítáàṣì di ṣúgà. Ìyá tó fi ewé ìbẹ́pẹ di ẹran líle kí ó tó gbé e kaná ń lo enzyme. Àwọn obìnrin Fúlàní tí ń ta wàgàsì fún wa lọ́jà ń fi oje bọmubọmu mú wàrà dì, enzyme náà ló wà nínú oje yẹn. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, inú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n ti ń yọ irú enzyme bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Lónìí, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ èébu àti ìwúkàrà tí wọ́n ń sìn nínú àgbá wá.

Omi tí a ń dà nù

Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá tó kan èèpo ẹ̀gẹ́ gan-an. Ní 2006, Ganiyu Oboh, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ ní Nàìjíríà, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde. Ohun tó ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni tó ti rin gàrí rí. Ó fi ìwúkàrà, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, àti àwọn bakitéríà tí ń mú nǹkan kan, sínú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin. Nígbà tó kan, wọ́n fún omi rẹ̀, wọ́n sì lo omi náà fún èèpo. Èèpo tí wọn kò ṣe nǹkan kan sí ní ìdá 8.2 purotéènì nínú 100. Èyí tó gba omi náà ní ìdá 21.5. Oró inú ẹ̀gẹ́, èyí tí í pa ewúrẹ́ tó bá jẹ èèpo tútù ní àjẹjù, sì lọ sílẹ̀ gidigidi.

Ẹ kíyè sí omi yẹn. Omi tí ń ro láti ara àpò gàrí, tí a ń jẹ́ kó ṣàn lọ, tí koríko ibi tó bá gbà ń gbẹ, ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n mọ ẹni tí wọ́n fi sínú rẹ̀.

A kò ní fi ọ̀rọ̀ náà dùn ju bó ti yẹ lọ. Kò sí ohun ẹlẹ́mìí kankan tí í fi òfìfo ṣe purotéènì. Nígbà tí ìwúkàrà bá ń jẹ sítáàṣì inú èèpo, ó ń mí púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde bí atẹ́gùn, òkìtì náà sì ń dín kù. Purotéènì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá dà bí ẹni pé ó pọ̀ sí i nítorí pé ohun tó yí i ká ti lọ. Apá kan ìdàgbàsókè náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Apá kejì ni ara ìwúkàrà fúnra rẹ̀, èyí tó jẹ́ purotéènì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rí náítírójìnì jẹ kí ó tó lè mọ ọ́n, bí àgbàdo ṣe ń fẹ́ ajílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ iye kan, kí ó máa béèrè pé láti ibo ni ó ti wá. Oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni a sì ń sọ níhìn-ín, kì í ṣe oúnjẹ ènìyàn.

Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ tó ń jẹ purotéènì tí kò wọ́n jẹ́ ohun ńlá ní agbègbè tí gàrí ti jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́. Gàrí ń yóni, ṣùgbọ́n purotéènì inú rẹ̀ kéré jọjọ. Ọmọ tí kò rí ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin mọ́ ọn kì í dàgbà bó ṣe yẹ. Ní Ìbàdàn pàápàá, àwọn onímọ̀ ILRI àti IITA ti fi hàn pé bí a bá rin èèpo tútù, tí a fi ẹ̀rọ tẹ omi rẹ̀ jáde, tí a sì sá a sí oòrùn, yóò gbẹ láàárín wákàtí mélòó kan dípò ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù ń di nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ ẹran. Ẹ̀rọ tí wọ́n lò kò yàtọ̀ sí èyí tó wà lábẹ́ ahéré àwọn olùyan gàrí wa.

Àgbá tí ń mí

Lórí òkìtì èèpo, olú ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀gá níbẹ̀. Òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, oríṣiríṣi àlejò ń wọlé bá a jẹun. Àgbá ọ̀sìn ni ilé tí a kọ́ fún un kí ó lè wà lábẹ́ àkóso. Bioréacteur ni ẹ ó rí i nínú ìwé Faransé. Àwa yàn láti pè é ní àgbá ọ̀sìn nítorí pé ohun tí a ń ṣe fún adìẹ nínú ilé rẹ̀ náà ni a ń ṣe fún olú nínú tirẹ̀: oúnjẹ, omi, atẹ́gùn, ooru tó mọ níwọ̀n, ìmọ́tótó, àti ìlẹ̀kùn tí a tì mọ́ olè. Wọ́n á fi ooru gbígbóná pa gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tó wà nínú àgbá, wọ́n á gbin olú kan ṣoṣo tí wọ́n yàn, wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn mímọ́ wọlé láti ìsàlẹ̀, wọ́n á sì máa rò ó.

Rírò yìí ni ìṣòro tó pọ̀ jù wà. Ìwúkàrà rọrùn láti sìn, nítorí ẹyọ kọ̀ọ̀kan dá wà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n okùn ni èébu, bó bá sì ti ń dàgbà, àwọn okùn náà á máa kọ́ ara wọn. Ohun tó wà nínú àgbá á wá ki bí ọbẹ̀ ilá, atẹ́gùn kò ní lè gba inú rẹ̀ kọjá mọ́, olú á sì máa wá èémí bí ẹni tó rì sómi. Bí a bá rò ó kíkankíkan kí atẹ́gùn lè wọlé, abẹ ẹ̀rọ á gé okùn náà jákujàku. Nígbà mìíràn, dípò kí ó ki, á ká jọ di bọ́ọ̀lù kéékèèké. Èyí tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù á yó, èyí tó wà ní àárín á kú. Lékè gbogbo rẹ̀, olú kan náà tó ń tu enzyme tí a fẹ́ ń tu òmíràn tí í gé purotéènì, a sì máa gé èyí tí a ń kó jọ. Olè inú ilé nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ń wá ọ̀nà láti mú kí olú pèsè púpọ̀ sí i, ìjàkadì yìí gan-an ni wọ́n ń jà.

Ìtàn ìjàkadì náà tó gbayì jù lọ kan gbogbo ìyá tó ti rẹ àgbàdo fún ògì rí. Ní 1928, ní Lọ́ńdọ̀nù, Alexander Fleming rí i pé èébu kan tí ń jẹ́ Penicillium ń pa bakitéríà tó wà nítòsí rẹ̀. Ó lé ní ọdún 10 kí Howard Florey, Ernst Chain, Norman Heatley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Oxford tó yọ oògùn níbẹ̀. Oògùn náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń yọ ọ́ padà láti inú ìtọ̀ aláìsàn kí wọ́n lè tún un lò. Ogun ń lọ lọ́wọ́, àwọn ọmọ ogun ń kú nítorí ọgbẹ́. Ní 1941, Florey àti Heatley kọjá sí Amẹ́ríkà, sí ilé ìwádìí ìjọba kan ní Peoria, ní ìpínlẹ̀ Illinois, tó jẹ́ ilẹ̀ àgbàdo. Níbẹ̀ ni Andrew Moyer ti bu omi tí àwọn ilé-iṣẹ́ sítáàṣì fi ń rẹ àgbàdo, ó sì fi bọ́ èébu náà. Oògùn tí wọ́n ń rí di ìlọ́po 10 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Omi tí a fi rẹ àgbàdo! Ẹ̀yin ará, ọmọ ìyá omi ògì nìyẹn, àfi pé wọ́n sè é kí ó ki ni. Kò sí ẹni tó ń fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ ni wọ́n kà á sí.

Wọn kò dúró lórí oúnjẹ nìkan. Wọ́n wá irúgbìn tó dára jù kiri, ní 1943 wọ́n sì rí i lára èso kan tó jọ bàrà, tó ti bu, ní Peoria náà. Àwọn onímọ̀ mìíràn ta ìtànṣán alágbára sí i kí ìran rẹ̀ lè yí padà, wọ́n sì ń yan èyí tó mú oògùn púpọ̀ jáde nínú àwọn ọmọ rẹ̀, bí a ṣe ń yan irú àgbàdo. Ní 1944, ilé-iṣẹ́ Pfizer ṣí ilé kan ní Brooklyn tó ní àgbá 14, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bíi lítà 28,000, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Láti ìgbà náà ni abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì ti di ohun tí ilé ìwòsàn abúlé pàápàá ní.

Nínú gbogbo ohun tí a sọ nípa àgbá ọ̀sìn ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ àtíkè ló pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín jù. Ní nǹkan bí ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní Jámánì kọ̀wé pé bí a bá da ìyẹ̀fun òkúta talc, èyí tí a fi ń ṣe àtíkè, sínú àgbá, èébu kò ní ká jọ di bọ́ọ̀lù ńlá mọ́. Bọ́ọ̀lù á kéré, tàbí kí okùn tú pátápátá, atẹ́gùn á dé ibi gbogbo, enzyme á sì pọ̀ sí i. Ní ìlú Braunschweig, wọ́n ṣe é pẹ̀lú èébu dúdú tí ń jẹ́ Aspergillus niger, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó ńlá lọ́wọ́ àwọn ènìyàn fún ọdún pípẹ́, ìyẹ̀fun olówó pọ́ọ́kú ràn án lọ́wọ́.

Àwọn kan tilẹ̀ ń jẹ olú inú àgbá náà fúnra rẹ̀. Láti 1985 ni wọ́n ti ń ta Quorn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ipò ẹran. Láti ara Fusarium kan tí wọ́n rí nínú erùpẹ̀ ìlú Marlow ni. Nínú àgbá tó ga tó nǹkan bíi mítà 40, atẹ́gùn nìkan ló ń gbé e lọ sókè sódò, kò sí abẹ kankan nínú rẹ̀ tí yóò gé okùn. A kò mọ bí yóò ṣe rí nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, a kò sì kánjú láti tọ́ ọ wò.

Èyí tó wà nítòsí wa

Ẹni tó bá sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Abomey-Calavi. Níbẹ̀, ní ibùdó IITA, ni wọ́n ti sin olú kan láti fi bá eṣú jà. Lẹ́yìn tí eṣú ti run oko káàkiri Sahel ní ìparí ọdún 1980 sí 1989, àwọn onímọ̀ láti Bẹ̀nẹ̀, Nìjẹ́r, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ibòmíràn dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1989 tí wọ́n pè ní LUBILOSA, orúkọ tí a gé kúrú láti inú ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí fífi ohun ẹlẹ́mìí bá eṣú àti tata jà. Láti ara tata kan ní Nìjẹ́r ni wọ́n ti rí irú Metarhizium tí wọ́n yàn. Enzyme ni ohun ìjà rẹ̀. Hóró rẹ̀ á bọ́ sára tata, á hù, á tu enzyme tí ń yọ́ awọ líle kòkòrò náà, á sì wọ inú lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, tata ti kú. Kì í ṣe adìẹ ní nǹkan, kì í sì í ṣe ènìyàn ní nǹkan.

Bí wọ́n ṣe sìn ín ní Calavi wú wa lórí ju àgbá Brooklyn lọ. Inú omi tí ìwúkàrà àti ṣúgà wà ni wọ́n ti kọ́kọ́ mú un pọ̀ sí i fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dà á sórí ìrẹsì tí wọ́n ti sè, kí ó lè so hóró rẹ̀. Nígbà tí ìrẹsì gbẹ, wọ́n gbọn hóró náà jáde, wọ́n pò ó mọ́ epo kí oòrùn má baà tètè pa á. Gíráàmù 50 hóró náà tó fún hẹ́kítà kan. Green Muscle ni orúkọ tí wọ́n tà á sí, wọ́n sì ti lò ó ní Tanzania àti ní Sòmálíà láti bá eṣú jà. Ìrẹsì, ṣúgà, ìwúkàrà, epo: kò sí èyí tí a kò lè rí rà ní ọjà Ikpinlè. Ohun tí a kò lè rà níbẹ̀ ni ọwọ́ tó mọ́ àti ojú tó mọ olú kan yàtọ̀ sí èkejì.

Lórí ojú tó mọ̀ yẹn ni a fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí ẹ̀mí ọmọ wa wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Japan ti ń sin Aspergillus oryzae láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn, òun ni wọ́n fi ń ṣe ọtí ìrẹsì àti omi ẹ̀wà oníyọ̀ tí wọ́n fi ń jẹun. Ní 1894, ọmọ Japan kan tí ń jẹ́ Jokichi Takamine gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà lórí enzyme tí a ń yọ lára rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ tí a ta ní irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olú yìí ní ìbátan kan tó sún mọ́ ọn bí ìbejì, Aspergillus flavus, tí àwọn onímọ̀ pàápàá kì í fi ojú lásán yà sọ́tọ̀ wẹ́rẹ́. Ìkejì yìí ni í hù lára àgbàdo àti ẹ̀pà tí a kò sá gbẹ dáadáa. Oró tó ń tu sínú wọn ń jẹ́ aflatoxin, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kò sì ń pa á tán.

Ní 2002, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BMJ, gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé 480 wò ní abúlé 16, láti ọmọ oṣù mẹ́sàn-án títí dé ọmọ ọdún márùn-ún. Nínú 100, 99 ló ní àmì oró náà lára. Bí oró náà bá ṣe pọ̀ tó lára ọmọ ni ó ṣe ń kúrú sí ju bó ti yẹ lọ. Ọmọ tiwa ni wọ́n ń sọ, oúnjẹ tiwa sì ni.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka àròkọ yìí tán kí ó lọ kó èèpo tó bu fún ẹran rẹ̀, kí ó ní purotéènì ni. Olú tó wá fúnra rẹ̀ kò sọ orúkọ fún wa. Àgbàdo tó bá ti bu, a kì í fọ̀ ọ́ ká tún lọ̀ ọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n dá ní Ìbàdàn: wọ́n wá irú Aspergillus flavus tí kò lè ṣe oró rárá, wọ́n fi í sára hóró ọkà bàbà tí wọ́n ti yan kí ó má baà hù, wọ́n sì ń fọ́n ọn sí oko kí ó lè gba ilẹ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ búburú lọ́wọ́. Aflasafe ni wọ́n ń pè é. Ìbátan rere ló ń lé ìbátan búburú kúrò.

Kí ni ó wá kù fún Oko-Akarè? Àwọn kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ wa ń lá àlá ilé-iṣẹ́ enzyme tó ní àgbá ńláńlá. Àwa kò lá irú rẹ̀, ó kéré tán kì í ṣe báyìí. Àgbá ọ̀sìn kò gbọ́dọ̀ ṣíwọ́ mímí fún wákàtí kan. Iná mànàmáná tó bá lọ ní òru, olú kú ní òru. Ohun tí a rí pé ó ṣeé ṣe kéré sí i, ó sì sún mọ́ wa jù. Kí èèpo kọ́kọ́ di ohun gbígbẹ tí a lè tọ́jú, kí ó má ṣe dúró bu mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kí ẹgbẹ́ àwọn olùyan gàrí kan tàbí méjì dán ìwúkàrà tí a rà, tí a mọ̀, wò lórí rẹ̀ nínú garawa tó ní ìdérí. Kí wọ́n gbé èyí tó jáde lọ sí Yunifásítì Ìmọ̀ Àgbẹ̀ ní Kétou, kí wọ́n wọn purotéènì rẹ̀ àti oró rẹ̀, kí adìẹ kan tó ó jẹ ẹ́. Ọmọ tó jáde ní CEG ní agbègbè yìí mọ bí a ṣe ń wọn nǹkan, ó sì mọ bí a ṣe ń kọ ohun tó rí sílẹ̀. Lónìí, ọkọ̀ Èkó ló sábà máa ń wọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ọmọbìnrin kan bi wá ní kíláàsì tí a kò lè fi sílẹ̀. A ti sọ fún wọn nípa Trichoderma reesei, olú tó ń gé igi àti òwú sí wẹ́wẹ́. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ó ń jẹ aṣọ àgọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní erékùṣù Solomon, ni wọ́n bá mú un lọ sí ilé ìwádìí wọn. Gbogbo irú rẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ àgbáyé ń lò lónìí ló ti ara ẹyọ kan yẹn jáde. Ọmọ náà bi wá pé, «Mùsíọ̀, àwọn ará erékùṣù náà ńkọ́? Kí ni wọ́n gbà?» Òfin kan wà lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí, àdéhùn Nagoya tí wọ́n ṣe ní 2010, Bẹ̀nẹ̀ sì wà nínú rẹ̀: ẹni tó bá mú ohun ẹlẹ́mìí láti ilẹ̀ kan láti fi ṣe ọjà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kí ó sì pín èrè. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dáàbò bo ohun tí kò ní orúkọ nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ kíláàsì wa fi mú ìwé àjákọ kan ní àkókò òjò yìí, tí wọ́n ń lọ bá àwọn àgbà láti kọ orúkọ olú ilẹ̀ wa sílẹ̀, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń hù, oṣù tó ń hù, àti bóyá a ń jẹ ẹ́ tàbí a kì í jẹ ẹ́. Wọ́n ti rí orúkọ méje. Ìyá àgbà kan mọ ìkẹjọ, ó sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn, ó sọ bí a ṣe ń sè é, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í níbi tó ti ń hù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n lọ jẹun.